Kòkòrò ikọ́ ife tó sùn sínú ara

Kòkòrò ikọ́ ife lè wà lára èèyàn kó má wúkọ́ rárá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin aráyé ló ti kó o, àmọ́ àwọn ọmọ ogun ara há a mọ́: kò sí ibà, kò lè ran ẹlòmíì. Nínú 100 irú wọn, 5 sí 10 ló máa padà ṣàìsàn, ọ̀pọ̀ láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́. HIV, ìtọ̀ ṣúgà àti àìjẹunrekánú ló sábà máa ń jí i.

Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀, wọ́n á gún oògùn àyẹ̀wò 0.1 mìlílítà sábẹ́ awọ apá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72. Wíwú tó le lábẹ́ ìka ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe pípọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í. Mìlímítà 10 la sábà ń kà sí àmì pé kòkòrò wà lára, 5 ti tó fún ẹni tó ní HIV. Àyẹ̀wò yìí ò sì lè sọ bóyá kòkòrò náà ń sùn tàbí ó ti jí.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba oògùn ìdènà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bi yín nípa ikọ́, ibà, lílàágùn lóru àti rírù. Tí ẹyọ kan bá wà, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kí wọ́n ya àwòrán àyà. Oògùn ìdènà kéré sí àìsàn tó ti jí. Ṣe ló máa sọ kòkòrò di èyí tí oògùn ò ràn mọ́.

Bí kò bá sí àìsàn, oògùn ìdènà méjì, isoniazid àti rifapentine, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 ti tó, pẹ̀lú fítámì B6 kí oògùn má bàa ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́. Ìtọ̀ á pọ́n, ìyẹn ò léwu. Tí ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè, ẹ dá oògùn dúró, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.