Bàbá Rọ́bà Ní Kí Wọ́n Tú Àyà Òun

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mò ń sọ ìtàn yìí, nítorí náà ẹ má retí pé màá bú ara mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Tútọ̀ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. N ò ní dárúkọ ibẹ̀, mo ṣì fẹ́ gba owó oṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ mi ni pé kí n kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn gan-an. Nígbà tiwa, ọsàn la fi kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. O ó fi òwú nu ọsàn rẹ, o ó gún un, o ó ti omi sínú rẹ̀, o ó sì máa rọra wò ó bí ẹni pé ó lè ké. Bí tútọ̀ bá kẹ̀yìn, o ó mu aláìsàn rẹ tán.

Nígbà tí èmi náà wá di tútọ̀, èèyàn la máa ń yá lò. Lọ́dún kan, a bẹ Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa pé kí wọ́n bá wa ṣe aláìsàn. Kò le rárá: kí wọ́n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n ní inú ti ń run àwọn láti ọjọ́ mẹ́ta. A ti ṣàdéhùn owó. Akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó máa tọ́jú yín lónìí. Kí ló ń ṣe yín sà?”

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. “Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí, kò sì ní sí, ní orúkọ Jésù.”

Mo rọra pè wọ́n láti ẹ̀yìn: “Bàbá, inú rírun.”

“Inú ta ni? Inú ọ̀tá mi ni yóò run!”

Gbogbo kíláàsì ṣe àmín. Bàbá dìde, wọ́n gba owó wọn, wọ́n padà sí géètì.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa kan dáwó jọ ra Bàbá Rọ́bà fún wa. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọláńgidi ni, ó ga tó èèyàn, àwọ̀ rẹ̀ pupa bíi ti òyìnbó tó ti pẹ́ nínú oòrùn, àmọ́ ẹnì kan ti dé fìlà abetí-ajá sí i lórí, ó ti di ọmọ ilé. Ó ń mí. Ó ń ṣẹ́jú. Bí o bá fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, o ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó tún ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó bá jókòó sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gíláàsì ló ń bá a sọ ọ́.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni bátìrì. Kò pẹ́ tó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni iná ìjọba ni Bàbá wá ń jẹ. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fi í kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì, wọ́n mú iná lọ. Bàbá ṣíwọ́ mímí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbagada. Àwọn ọmọ ò dúró gbọ́ àlàyé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́: kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ó yá tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí o bá tẹ̀ ẹ́ nígbà 30, kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti ń làágùn kí ẹni tó lọ tan jẹnẹrétọ̀ tó rí kọ́kọ́rọ́. Bí iná ṣe dé, Bàbá ṣẹ́jú, ó mí kanlẹ̀, “Up NEPA!” sì gba ilé kan. Ọmọkùnrin tó wà lórí àyà rẹ̀ lásìkò náà gbà títí dòní pé òun lòun jí i. Ajíǹde ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi í sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá ṣe nǹkan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọmọláńgidi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi o. Ní 1911, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Hartford, ní Amẹ́ríkà, ló gba èyí tó tóbi tó àgbàlagbà lọ́wọ́ Martha Chase, obìnrin tó ń rán ọmọláńgidi fún àwọn ọmọdé. Ìyáàfin Chase náà ni wọ́n ń pe ọmọláńgidi yẹn. Ní 1960, Asmund Laerdal, ará Norway tí òun náà ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, gbé ọmọláńgidi tí wọ́n ń pè ní Anne jáde, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tí mímí rẹ̀ ti dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ sínú pépà pé màá sọ fún àwọn àlejò lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ó ṣì wà nínú báàgì mi. Ẹnì kankan ò bi mí léèrè rẹ̀.

Àwọn àlejò ọ̀hún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó dáwó. Wọ́n fẹ́ wá wo ohun tí owó wọn rà. Ìyá àgbà mẹ́ta tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n wé gèlè, jókòó síwájú pẹ̀lú olórí ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo yan ọmọ mẹ́ta: olórí kíláàsì, Ajíǹde, àti ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kéré, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dára, kí ó máa kọ ìwé aláìsàn. Iṣẹ́ Bàbá lọ́jọ́ náà ni pé kí ó jẹ́ ẹni ọdún 58 tí àyà ń dùn láti ìdájí, tí ìrora náà ń lọ sí apá òsì. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ohùn bàbá nílé, débi pé ọkọ mi ń bi mí bóyá ọ̀fìnkìn ni.

Mo wọ yàrá kékeré. Sítọ́ọ̀ ni tẹ́lẹ̀, bí o bá na ọwọ́ méjèèjì, o ti kan ògiri. Mo gbé máìkì olókùn-orí yẹn kọ́rí, èyí tí ẹnu rẹ̀ máa ń yọ síwájú ẹnu ẹni. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó ṣí. Bí o bá tún un tẹ̀, ó pa. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kérora, mo ní “Ẹ gbà mí o,” àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n kí Bàbá, wọ́n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, wọ́n bèèrè orúkọ, wọ́n ń wọn bípì. Ara mi balẹ̀. Fóònù mi wá ń gbọ̀n. Àbúrò mi ni, ẹ̀ẹ̀karùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Màmá wa ń pé 80 ọdún ní Sátidé, àbúrò mi sì wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, níbi tí búláòsì léèsì mi wà.

Mo ní ṣebí àwọn ọmọ yìí á pẹ́ díẹ̀ nídìí bípì. Mo ti máìkì kúrò létí kan, mo kọjú sí wíńdò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo gbé fóònù.

Àwọn ọmọ mọ̀ pé èmi ni mò ń fọhùn fún Bàbá. Àmọ́ mo lórúkọ lọ́dọ̀ wọn pé mo máa ń dẹ pàkúté. Nígbà ìdánwò tó kọjá, Bàbá purọ́ fún wọn pé òun ò lo oògùn kankan, agbo sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ohùn Bàbá ṣàdédé di ti obìnrin tó ń ná ẹja, wọ́n gbà pé pàkúté mìíràn ló dé. Fídíò ni mo ti wá rí ohun tó kù.

Èmi, lẹ́nu Bàbá Rọ́bà: “Láti àárọ̀ lo ti ń pè mí! Ṣé mi ò ti sọ pé mò ń bọ̀ ni?”

Olórí kíláàsì fo sẹ́yìn. Ọmọ tó gbóná nínú ìwé, ọmọ tó mọ egungun igba ó lé mẹ́fà lórí, ló wá pariwo pé, “Bàbá, ẹ má jẹ́ wọn o! Ẹ ní ẹ ò lọ!”

“Sọ fún Màmá pé mo máa tètè dé ní Sátidé. Kí wọ́n máa retí mi.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù.” Akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ìṣòro mi ni àyà. Ó ti fún mi jù! N ò lè mí. Bí mo bá ní kí n gbé ọwọ́ òsì sókè báyìí, ṣe ló ń fà mí.”

Ẹ wo bí ayọ̀ ṣe hàn lójú wọn nínú fídíò. Àyà fífún, àìlèmí, ọwọ́ òsì! Bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Ajíǹde gbé ọ́síjìn sí Bàbá nímú, wọ́n lẹ àwọn wáyà ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn mọ́ ọn láyà. Ọwọ́ wọn yá, mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Olórí kíláàsì wá tẹ̀ síwájú: “Bàbá, tí a bá ní òdo ni kò dùn rárá, tí mẹ́wàá jẹ́ èyí tó dùn jù, mélòó ni ìrora yín?”

“Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta!”

“Bàbá, mẹ́wàá ló ga jù sà.”

“Ó ti pọ̀ jù! Ta ló fẹ́ fara da ìyẹn? Búláòsì lásán! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Ajíǹde ní, “Ó ti ń wálẹ̀. Ọ́síjìn náà ń ṣiṣẹ́.”

“Àbí kí ó tú u! Kí ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ níbi àyà, kí ó tún un rán, mo ti gbà!”

Ajíǹde yíjú sí akọ̀wé. “Ẹ gbé ìwé ìfọwọ́sí iṣẹ́ abẹ wá. Bàbá ti gbà.”

Mo ṣì ń bá àbúrò mi fa ọ̀rọ̀ nígbà tí fóònù orí tábìlì dún lẹ́yìn mi. Tí ó bá ti dún, ó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ ń pe dókítà, èmi náà sì ni dókítà. Mo fi fóònù àbúrò mi sí etí ọ̀tún, mo fi ti tábìlì sí etí òsì. Ohùn olórí kíláàsì wọlé, ó ń tẹ̀lé ìlànà tí mo kọ́ wọn láti fi ròyìn fún dókítà, ó ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn aláìsàn, ohun tí ó rí, ohun tí ó fẹ́.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Mò ń pè nítorí bàbá ẹni ọdún 58 tí àyà ń fún, tí kò lè mí dáadáa, tí ọwọ́ òsì ń fà. Ìrora rẹ̀ jẹ́ 45,000 nínú 10. A fún un ní ọ́síjìn, ó wá sí 20,000. Ó ń gbọ́ tí àwọn kan ń pè é, ó sì ti bá màmá rẹ̀ ṣàdéhùn Sátidé. Mo rí i pé ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ búláòsì. Ó ní kí ẹ tú àyà òun. Sà, a fẹ́ kí ẹ máa bọ̀ kí Sátidé tó pé.”

Etí ọ̀tún, àbúrò mi: “Ta ló fẹ́ kú ní Sátidé?”

Mo yípo. Lẹ́yìn gíláàsì, gbogbo wọn kọjú sí mi. Àwọn ìyá àgbà, olórí ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì tó kù. Bàbá Rọ́bà nìkan ni kò wo mi, ojú rẹ̀ wà ní àjà. Mo wo bọ́tìnnì máìkì. Iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn roboto. Mo ní, “Yéè,” Bàbá sì bá mi ní “Yéè.”

Bí a bá parí irú ẹ̀kọ́ báyìí, a máa ń jókòó yí ká, a ó wo fídíò, a ó sì sọ ohun tó lọ dáadáa àti èyí tí kò lọ. Ìlànà ni pé tútọ̀ kì í kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìbáwí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé, “Báwo ló ṣe rí lára yín?” Mo bèèrè. Kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wá mú ìwé aláìsàn tí akọ̀wé kọ, mo ní kí n gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn. Mo ní, kí ló dé tí wọ́n fi kọ 45,000 nínú 10 sínú ìwé aláìsàn? Ọmọ olóhùn kékeré yẹn dìde.

“Mà, ẹ̀yin lẹ ní ohun tí aláìsàn bá sọ ni ká kọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ká má fi tiwa kún un.”

Mo wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọ aago, ó fọwọ́ sí i. “Aago 10:14, aláìsàn ní: ‘Búláòsì lásán!’” Kódà, ó fi àmì ìyanu sí i. Mo fún un ní máàkì rẹ̀ pé.

Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ, èyí tó pe ẹ̀jẹ̀ Jésù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti múra láti bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, níbo ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn wà? Tiwa ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta.”

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n la padà san. Mo wọ̀ ọ́ ní Sátidé, Màmá gbàdúrà fún mi, a jó. Àyà ṣì ń fún mi.