Èékánná ọmọ, ẹsẹ̀ bàbá

Èsì àyẹ̀wò èékánná ọmọ mi dé lónìí: fọ́ngọ́ọ̀sì ni lóòótọ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí a ti mọ ohun tó ń ṣe é. Látìgbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì ń nípọn, ni oníkálukú ti ń dárúkọ òògùn fún mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná. Bàtà tó fún, kí ọmọ fẹsẹ̀ kọ, àní àìsàn awọ bíi psoriasis, gbogbo wọn ló lè sọ èékánná dà bẹ́ẹ̀. Fọ́ngọ́ọ̀sì kì í sì í sábà mú èékánná ọmọdé bó ṣe ń mú ti àgbà, torí tiwọn máa ń yára hù. Ta ló máa wá fún ọmọ lóògùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí ìfura lásán?

Lọ́jọ́ tí a lọ ṣe àyẹ̀wò náà, nọ́ọ̀sì gé etí èékánná tó ti gbé sókè, ó wá ń ha abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́yìn, títí dé ibi tí àìsàn náà ti pàdé ibi tó ṣì mọ́. Ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun ń já bọ́ sórí bébà dúdú. Ọmọ mi tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé inú ìka mi ni gbogbo èyí wà?”

Trichophyton rubrum ni wọ́n bá níbẹ̀, irú fọ́ngọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ jù nínú èékánná. Kí dókítà tó kọ òògùn kankan, ọkọ mi ló yíjú sí: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín.” Láàárín àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, awọ ti rin, ó ti ń bó. “Ooru bàtà” ni ọkọ mi máa ń pè é. Dókítà ní inú ilé ni ọmọdé ti sábà máa ń kó o, lára òbí tí ẹsẹ̀ ń yún. Tí a bá wo ọmọ sàn tí a fi bàbá sílẹ̀, yóò tún padà wá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́.

Wọ́n kọ ìpara fún bàbá. Tabulẹ́tì terbinafine, òògùn fọ́ngọ́ọ̀sì, ni ti ọmọ: ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 sì ni fún èékánná ẹsẹ̀, 6 fún ti ọwọ́. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá rà fọ́mọ. Òògùn á tán kí èékánná tó mọ́, torí ibi tó ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Tuntun ló ń hù láti ìdí, tí a ó máa gé ti àtijọ́ dànù, èyí sì lè gba oṣù púpọ̀. Oníkálukú á ní ohun tí yóò máa fi gé èékánná tirẹ̀. A ó máa fi omi gbígbóná fọ ìbọ̀sẹ̀, a ó sì máa nu ẹsẹ̀ gbẹ dáadáa tí wọ́n bá wẹ̀ tán.

Ọ̀la ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yẹ ẹ̀dọ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ òògùn. Ó ti bi mí bóyá abẹ́rẹ́ náà máa dun òun. Mo ní á ta á díẹ̀, àmọ́ màá di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú.