Òru Mẹ́rin ní Ọ̀nà Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará ilé Olúwa ní Kétu, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ wà níwájú, mo dọ̀bálẹ̀. Ọpẹ́ ló gbé mi dìde.

Ọdún 11 ni mo fi wa kámíọ́, ọkọ̀ akẹ́rù, ọlọ́kọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti bodè mọ́ àwa ará ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ẹrù wọ́n, ọ̀gá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kámíọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kejì, mo kó owó àjọ, mo ta ilẹ̀ kan lé e, mo ra èyí tó gbó jù níbẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ìgbà tí gbogbo ayé ń sá fún ọkọ̀ lẹ wá ń rà á?" N kò rí èsì fún un.

Nígbà tí mo ń wakọ̀ ọlọ́kọ̀, bí táyà bẹ́, ọ̀gá ni kò ní í sùn. Èmi á jẹ gàrí mi, mà á sì sùn. Àṣé owó ẹrù tí wọ́n ń kà fún mi yìí, kì í ṣe tèmi tán. Ti dísù wà níbẹ̀, ti asíráǹsì wà níbẹ̀, owó tí à ń san lójú ọ̀nà wà níbẹ̀, títí kan táyà ọdún tó ń bọ̀. N kò mọ̀. Mo fi owó táyà ra aṣọ Kérésì. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Oṣù Kínní ọdún 2021, ọyẹ́ ń fẹ́, mo kó iṣu ní Pàràkú, mo ń lọ sí Kútọnu. Ó ku díẹ̀ ká wọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú rédíétọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ká dúró. Mo ní ká wọ ìlú ná. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, n kò lè fi kọ́ Èṣù lọ́rùn. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì.

Òru mẹ́rin la fi sùn sábẹ́ ọkọ̀, tí à ń ṣọ́ iṣu oníṣu. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá tó ni ẹrù gbé kámíọ́ mìíràn dé. Èpè ni mo ń retí. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó kó iṣu rẹ̀, kò fún mi ní fáráǹkì kan nínú owó ẹrù, ó sì lọ. Ọdún tí iṣu tún jáde, èmi náà ló pè.

Bàbá mẹkáníìkì kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ohùn Kétu mi ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, ó ní kí n máa san ìyókù nígbàkígbà tí mo bá ń kọjá. Kò gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Oṣù tó kọjá ni mo san èyí tó kẹ́yìn.

Ní báyìí, agolo mílíìkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ibùsùn wa: ti dísù, ti táyà, ti ilé. Ìyàwó mi ló ń pín in. Èmi kì í fọwọ́ kan ti táyà.

Iṣu tí ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ìyá oníṣu ló fi ránṣẹ́ sí ìdúpẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ọmọdé má kó o tán ká tó kọrin parí.