Ọláìyá wo ló kú? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ ìròyìn ikú olókìkí

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yàrá ìròyìn, orúkọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: Ọláìyá. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ìyẹn Bàbá Sàlá, jáde láyé ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Victor Abímbọ́lá Ọláìyá, àgbà onífèrè háíláìfù, papòdà ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 2020. Àwọn méjèèjì ò bára tan, ṣùgbọ́n ẹ wo bí kòtò ṣe pọ̀ tó láàárín wọn. Àwọn méjèèjì ló darí ẹgbẹ́ háíláìfù: kí Bàbá Sàlá tó di aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀, ó ní ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies, ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni Sunny Adé ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Moji Ọláìyá, òṣèré tó kú sí Kánádà lọ́dún 2017, ọmọ Victor ni, kì í ṣe ọmọ Bàbá Sàlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni iṣẹ́ òun àti Bàbá Sàlá. Èyí tó burú jù ni ti ìlú. Iléṣà ni Bàbá Sàlá ti wá, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Ìjẹ̀ṣà-Ìṣu ni ìlú àwọn òbí Victor, Èkìtì nìyẹn. Calabar ni wọ́n sì bí òun fúnra rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń sáré kọ̀wé á rí “Ìjẹ̀ṣà”, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki Victor ní “Ìjẹ̀ṣà onílé obì”. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Ìṣu ní rédíò nílé o.

Wákàtí tí ikú bá ṣẹlẹ̀ kọ́ là ń wá irú nǹkan báyìí. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, tàbí tí gbogbo ayé mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá, fáìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn kan nínú yín á máa wò ó bí èèwọ̀, bíi pé à ń gbẹ́ sàréè de alààyè. Ẹ pè é ní fáìlì ìgbésí ayé, ó tán. Ọjọ́ ìbí onítọ̀hún náà la ó máa lò ó fún. Kò ju ojú ewé méjì lọ: orúkọ àbísọ, orúkọ orí ìtàgé pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ọjọ́ ìbí àti ibi tẹ́ ẹ ti rí i, ìlú baba rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n bí i sí, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, iṣẹ́ mẹ́ta pẹ̀lú ọdún wọn, nọ́ńbà fóònù ẹni méjì nínú ẹbí. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ tí a ti gé sílẹ̀, bí ogún ìṣẹ́jú àáyá sí ọgbọ̀n. Ẹ má fi ti ohùn yẹn ṣeré. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù tẹ́ ẹ ṣì ń wá a, ohùn ẹni tó ń sín in jẹ lẹ máa gbé sórí afẹ́fẹ́. Ẹ máa tún fáìlì wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, torí nọ́ńbà fóònù ló tètè ń bàjẹ́ jù nínú rẹ̀.

Ọjọ́ orí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Wọ́n bí Victor Ọláìyá ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1930. Ẹ yọ 1930 kúrò nínú 2020, ẹ ó rí àádọ́rùn-ún. Irọ́ ni: ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ló lò, torí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti ọdún 2020 ṣì kù ní oṣù mẹ́wàá gbáko kó tó pé. Ẹbí lè sọ fún yín pé bàbá ti wọ àádọ́rùn-ún ọdún, wọn ò sì purọ́, àwọn àgbà wa máa ń ka ọdún tí èèyàn wà nínú rẹ̀. “Ó wọ̀ ọ́” tọ̀nà, “ó pé e” ni kò tọ̀nà. Ọjọ́ àti oṣù lẹ kọ́kọ́ ń wò, kẹ́ ẹ tó wo ọdún.

Ohun tí olóògbé ṣe gan-an náà ń fẹ́ àmójútó. Bàbá Sàlá ló gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde lọ́dún 1982, owó rẹ̀ ló wọ̀ ọ́, òun náà ni gbèsè já lé lórí nígbà táwọn olè ta ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n Ola Balogun ló darí rẹ̀. Ẹ má da olówó eré pọ̀ mọ́ olùdarí. Ẹ sì dín “ògbóǹtarìgì” àti “àgbà ọ̀jẹ̀” kù. Kò sí òkú tí wọn ò fi í kì mọ́. Ẹ sọ pé aago ńlá tí wọ́n fi ń jí èèyàn lójú oorun ló máa ń gbé kọ́rùn, àti gíláàsì ràgàjì tó máa ń wọ̀ sójú. Ẹni tó gbọ́ ìyẹn á rí Bàbá Sàlá lójú ara rẹ̀, á sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó káàánú.

Ẹ̀rí ńkọ́? Ogún òṣèré tó gbé àbẹ́là sójú òpó Instagram wọn kì í ṣe ẹ̀rí ogún, torí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ni gbogbo wọn ti dà á kọ. Ẹbí lẹ máa kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́: TAMPAN fún òṣèré, PMAN fún olórin. Tẹ́ ẹ bá pe ilé, ẹ ò gbọ́dọ̀ bèèrè pé “Ṣé òótọ́ ni pé bàbá ti kú?” Báyìí lẹ máa sọ ọ́: “Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, a gbọ́ ìròyìn kan lóde tá ò fẹ́ gbà gbọ́. Ṣé àlàáfíà ni bàbá wà?” Kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Tó bá jẹ́ irọ́, ẹ ò tíì fi ẹnu yín pa ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ béèrè ohun kan sí i: ṣé ìyá olóògbé ti gbọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó ni wọn kì í tètè sọ fún, rédíò ò sì gbọdọ̀ ṣáájú àwọn àgbà ilé débẹ̀.

Ohun tó fa ikú kì í ṣe ti oníròyìn láti sọ. Nígbà tí Fẹlá kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ dókítà tó sì ti ṣe mínísítà ètò ìlera, ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn pé àrùn éèdì ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. MohBad, ọ̀dọ́ olórin, kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n sin ín ní Ìkòròdú lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá tún hú òkú rẹ̀ jáde kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ti kọ ohun tó pa á láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ibo ló ti rí i? “Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́” náà, ẹ ṣọ́ ọ. Ẹni tí gbogbo ayé rí lórí ibùsùn fún ọdún mẹ́ta, àìsàn rẹ̀ kì í ṣe ránpẹ́.

Ọjọ́ tí Fẹlá kú yẹn náà ni wọ́n yìnbọn pa Professor Peller, onídán. Òkìkí Fẹlá bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí méjì bá ṣẹlẹ̀ pọ̀, ẹ fún ìkejì ní àyè tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ má fi í ṣe ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ikú ní ìpele. Ọba nìkan ló ń wàjà. Àgbà tó dàgbà dógbó ló lè “tẹ́rí gbaṣọ”. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n bíi MohBad, ọ̀fọ̀ ni: “ó kú” tàbí “ó dolóògbé” ti tó. Ìkíni náà yàtọ̀. “Ẹ kú ìnáwó, ẹ̀yìn bàbá á dára” ò ṣe é sọ fún ẹni tó sin ọmọ. “Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ ṣe é mọ́” ni tirẹ̀. Fún rédíò, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ń fẹ́ bí igba ọ̀rọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohùn olóògbé bá máa wà nínú rẹ̀, ẹ gé e sí àádọ́jọ.

Ẹ mọ ẹ̀sìn ilé kẹ́ ẹ tó ṣètò ẹni tó máa lọ síbi ìsìnkú. Murphy Afọlábí, òṣèré, kú ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí. Oníròyìn tó bá ní òun ń dúró de ìwé ìpè, fídáù ló máa bá. Tó bá sì jẹ́ ilé Kristẹni, ó lè tó oṣù kan, ìwé ètò ìsìnkú á sì wà. Ẹ mú ẹ̀dà kan bọ̀. Ẹ ka ìtàn ìgbésí ayé tí àwọn ọmọ kọ sínú rẹ̀, ẹ fi wé ohun tẹ́ ẹ ti kà sórí afẹ́fẹ́, tí ọjọ́ ìbí tàbí orúkọ ìlú bá yàtọ̀, ẹ pe àkọ́bí kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ wá ṣe àtúnṣe lórí ètò kan náà, ní àkókò kan náà.