Ihò méjì lẹ́yìn alùpùpù mi

Mo yọ sípíkà méjèèjì tó wà lẹ́yìn alùpùpù ńlá tí mo fi ń rìnrìn-àjò. Ohùn wọn ti ha. Àmọ́ ihò méjì tó ṣẹ́ kù yẹn dùn mí! Mi ò lè gbé e gba Third Mainland bẹ́ẹ̀ nínú òjò.

Bàbá kan tó ń lu ara ọkọ̀ ní Mushin gbé páálí lé ihò náà, ó fi bírò yí i ká, ó wá gé páànù bá a mu. "Ọmọ mi, má kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lásán o." Ó gé túùbù táyà àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí omi má ráyè, ojú ihò síkúrù àtijọ́ ló sì dè é mọ́. Èmi fi téèpù di ẹnu wáyà. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi méjì lé e lórí: inú gbẹ táútáú.