Ẹsẹ̀ Lásán Ni Mo Fi Gun Olúmọ

Nítorí àpáta Olúmọ ni mo ṣe ra kánfáàsì funfun kan ní Yábàá. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé l'Ábẹ́òkúta. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò gùn: “Máa gbé e bọ̀.”

Ọkọ̀ ojú irin ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, wọ̀ láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Ìrìn náà dùn, àfi pé ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè níbẹ̀ kò sí láàárín ìgboro. Ẹ yáa fi owó ọkọ̀ mìíràn sápò.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé orúkọ ìlú yìí kì í ṣe àwàdà. Òkúta kan tó tó yàrá méjì gúnwà sẹ́yìn ilé ìdáná wọn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí. Wọn ò tiẹ̀ kà á sí nǹkan kan.

Nígbà tá a sanwó ìwọlé tán ní Olúmọ, mo yojú wo ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Lífíìtì? Ṣé lífíìtì ni Ṣódẹkẹ́ gùn?” Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá láyé ogun, ni wọ́n ń sọ. Bá a ṣe kọrí sí ojú ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn o.

Àwọn ibì kan wà tí ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ títí tó fi ń dán bíi dígí. Kánfáàsì mi yọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, mo dibọ́n bí ẹni pé mo fẹ́ wo nǹkan nílẹ̀. Ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo di ejìká ọmọ mi mú. Amọ̀nà wa ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn ní, “Ẹ bọ́ ọ, mà.” Mo bọ́ ọ. Àpáta ti gba oòrùn sára, ó sì le kóko, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ mi rí nǹkan dì mú. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n ń pa mọ́ra.

Ibi tó mú mi dúró pẹ́ jù ni abẹ́ àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá pa mọ́ sí láyé ogun. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lè wọlé. Ojú ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ ṣì wà lára òkúta nílẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, inú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ogun ti fọ́ ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá kí Ṣódẹkẹ́ tó kó wọn débẹ̀ ní 1830. Ọmọ mi wá bèèrè pé, bí ọmọ ọwọ́ bá ń ké ńkọ́, ṣé ọ̀tá ò ní gbọ́? Amọ̀nà wò mí, èmi náà wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn: “Wọ́n á fún un lọ́mú.” Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi jáde.

Wọn ò jẹ́ ká wọ ojúbọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Òkè téńté ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Pánù tó ti dípẹtà ló lọ súà nísàlẹ̀, ilé ìsìn Aké yọ orí láàárín wọn, odò Ògùn sì ń dán lọ́hùn-ún. Fọ́tò ni mo bá lọ, àmọ́ mo gbàgbé fóònù sápò. Ohun tí mo ń rò ni pé ní 1851, àti ní 1864, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì (orílẹ̀-èdè Benin lónìí) wá ká ìlú yìí mọ́lé, tobìnrin tọkùnrin, wọn ò sì rí i kó. Ẹni tó bá dúró níbi tí mo wà kò ní ṣàì rí ẹni tó ń bọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìró mi, ọmọ mi ń ka mọ́ṣáláṣí.

Sísọ̀kalẹ̀ nira ju gígùn lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ọjà Ìtòkú la gbà lọ, kò jìnnà. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá márùn-ún lẹ́yìn tí mo ti ná an títí ẹnu fi ń ro mí. Bí ìyá aláṣọ ṣe ń ká a fún mi ló rí kánfáàsì tí mo ṣì gbé lọ́wọ́, tí funfun rẹ̀ ti di pupa erùpẹ̀.

“Àǹtí,” wọ́n ní, “ṣé ká bá yín rẹ bàtà yẹn náà láró ni?”