Ìdí Tí Àwọn Ènìyàn Fi Ń Dákẹ́ Nínú Gúrúùpù Àdúgbò Wa

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò wa ní ìtòsí Lawanson ní Sùúrùlérè, èmi náà ni mo sì ń bójú tó gúrúùpù WhatsApp wa, níbi tí onílé àti ayálégbé jọ wà. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, kí ó tó di aago mẹ́jọ òwúrọ̀, àdúrà ti kún ojú fóònù: "Igba ọdún, ọdún kan ni o," "Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé," pẹ̀lú àwòrán kéèkì lóríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè bóyá Sátidé ni kí a kó ìdọ̀tí inú gọ́tà tàbí ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn á pa lọ́lọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo lè tẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí n sì rí orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti kà á.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa máa ń sọ pé àwọn ènìyàn kò bìkítà ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ó dákẹ́ ti ṣírò ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò ná òun kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀. Àdúrà ọjọ́ ìbí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìmọ̀ràn ni ó ń náni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé béèrè pé ṣé a kò lè wá wẹ́dà tí yóò tún géètì ìsàlẹ̀ àdúgbò ṣe. Ìbéèrè lásán ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbóríyìn fún un, wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ géètì; òun ni ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti gba owó, òun náà ni ó ń bá wẹ́dà já iye. Géètì náà ń ṣiṣẹ́ títí di òní, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, "Àmín" nìkan ni arákùnrin náà máa ń kọ sí gúrúùpù.

Ohun mìíràn ni pé a mọ ara wa. Ní ibi tí èrò ti pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ènìyàn lè tako ẹni tí kò ní fojú rí láéláé. Níbi tiwa, ẹni tí o bá tako lónìí ni wàá bá pàdé níbi ẹ̀rọ omi lọ́la. Ayálégbé tí owó ilé rẹ̀ yóò pé lóṣù tí ń bọ̀, tí onílé rẹ̀ sì wà nínú gúrúùpù kan náà, ṣé òun ni yóò wá sọ ní gbangba pé owó ọdẹ tí àwọn onílé fi lé e ti pọ̀ jù? Tí Bàbá Alága bá sì ti sọ̀rọ̀, ta ni ó fẹ́ já a? Ní ìpàdé ojúkojú, ọmọdé lè dọ̀bálẹ̀, ó lè fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú sà, kì í ṣe pé mo ń já ọ̀rọ̀ yín o," kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀, àgbà yóò sì gbà á. Ojú fóònù kò fi ìdọ̀bálẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ náà á kàn dúró síbẹ̀ ní gbígbẹ, ẹnikẹ́ni sì lè ya á ní àwòrán kí ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí a kò ní lọ́kàn.

Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gba ẹ̀yìn wá bá mi. Bí mo bá ti sọ ohun tí ó le díẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yóò fi wọlé sọ́dọ̀ èmi nìkan: "Akọ̀wé, òótọ́ lẹ sọ o, mi ò kàn fẹ́ dá sí i níbẹ̀ ni." Mo máa ń rántí àyẹ̀wò tí Solomon Asch ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950. Ó fi ẹnì kan tí kò mọ̀ sáàárín àwọn tí òun Asch ti bá ṣàdéhùn láti parọ́ nípa gígùn ìlà tí ó wà níwájú gbogbo wọn, nínú nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn, onítọ̀hún sì ń tẹ̀lé irọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo mìíràn ń sọ òótọ́ níbẹ̀, títẹ̀lé irọ́ náà dín kù dé ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn tí ó gba ẹ̀yìn wá pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní gbangba, kódà kí ó jẹ́ gbólóhùn kan. Díẹ̀ nínú wọn máa ń gbà. Púpọ̀ wọn á ní kí n má bínú.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí a bá gbogbo ènìyàn sọ, tí kò wá kan ẹnì kankan. Ní 1968, John Darley àti Bibb Latané tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní New York. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí yàrá tirẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn yòókù láti inú ẹ̀rọ láìrí wọn. Nígbà tí ó yá, ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wárápá mú. Nínú àwọn tí wọ́n gbà pé àwọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ọ, 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ pe ènìyàn kí igbe náà tó dópin. Nínú àwọn tí wọ́n rò pé ẹni mẹ́rin mìíràn tún ń gbọ́, 31 péré ni. Èmi kò mọ ohun tí ó jọ gúrúùpù WhatsApp ju àwọn yàrá yẹn lọ. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni n kò ti kọ "Ẹ̀yin ará àdúgbò, kí lẹ rí sí i?" mọ́. Mo máa ń dárúkọ ènìyàn: "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Sátidé yóò rọ̀ yín lọ́rùn?" Èsì Alhaja kì í pẹ́, bí ó bá sì ti dáhùn, àwọn tí n kò pè pàápàá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. (Àgbà ni mo máa ń kọ́kọ́ pè o, kí a má baà sọ pé akọ̀wé kò mọ ẹ̀yìn mọ́ iwájú.)

Èdè náà wà ńbẹ̀. Màmá kan tí ó ń ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó kò dá sí ọ̀rọ̀ kankan rí nígbà tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń kọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ ọ́, tí mo sì ń gba ohùn sílẹ̀ fún àwọn tí kì í fẹ́ kàwé, òun ni ó kọ́kọ́ fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́, kò sì kúrú.

Ní 2018, WhatsApp fún alábòójútó ní àyè láti ti gúrúùpù pa kí òun nìkan lè máa kọ̀wé. Àwọn kan fẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn tí ń fi àhesọ ránṣẹ́. N kò gbà, nítorí ẹni tí ó ń dákẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí tiransifọ́mà wa bàjẹ́, kò sí ẹni tí kò fọhùn, àti onílé àti ayálégbé, nítorí inú òkùnkùn kan náà ni gbogbo wa wà.

Àwọn kan ṣì wà tí wọn kò ní sọ ohunkóhun láéláé, n kò sì ní dà wọ́n láàmú. Nígbà tí Jenny Preece àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn tí ń dákẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìdí rẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, ó lé ní ìdajì tí wọ́n dáhùn pé kíkà nìkan ti tó àwọn. Ilé kan wà ní òpin àdúgbò wa tí kò tíì kọ gbólóhùn kan sí gúrúùpù náà, owó ọdẹ wọn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ wọlé lóṣooṣù.